Ife Oògùn Ikọ́

Ogójì ọdún ni mo fi wọn kòkó l'Óǹdó,
nínú ilé páànù kan lọ́nà Yábà.
Mo mọ àgbẹ̀ tó ń wọ́n omi sí kòkó kó lè wúwo,
mo mọ oníṣòwò tó ń fi àtàǹpàkò ti òṣùwọ̀n lábẹ́
kí ẹrù ẹni ẹlẹ́ni lè fúyẹ́.
Ọjọ́ tí wọ́n ní kí èmi náà gorí ìwọ̀n l'Ákùrẹ́,
abẹ́rẹ́ rẹ̀ sáré, ó kan òpin, ó ń gbọ̀n.
Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀:
kílò mẹ́tàlélógóje.
Mo ní, "Ẹ yọ ti àpò kúrò kí ẹ tó kọ ọ́."
Kò yé e.

Wọ́n gé ikùn mi, wọ́n rán èyí tó kù,
kò tóbi ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ.
Dókítà ní n kò gbọdọ̀ mu omi mọ́ oúnjẹ,
kí n máa fi ife oògùn ikọ́ wọ̀n ọ́n:
ìwọ̀n kan, kí n dúró; ìwọ̀n kan, kí n dúró,
bí ẹni ń bomi rin ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.
Ó tún sọ̀rọ̀ nípa ọtí.
Mo ń mi orí, mo ń wo bàtà rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ Àgbá
(orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn
lábẹ́ igi máńgòrò Ìyá Dúrótolú)
ìgò méje kò tó mú mi kọsẹ̀.
Èmi ni mo ń gbé Akínlúyì dé ilé rẹ̀,
tí mo tún ń padà wá san owó tó jẹ.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ,
ṣòkòtò mi ti di ti ẹlòmíràn,
Akínlúyì bu ààbọ̀ ife fún mi.
Kí ìfófòó rẹ̀ tó rọlẹ̀, ilẹ̀ ti ń gòkè bọ̀ wá bá mi.
Mo gbọ́ ẹnu mi tó ń ka ìsọdipúpọ̀ méje,
méje lọ́nà méje, méje lọ́nà mẹ́jọ,
mo gbọ́ ẹ̀rín wọn.
Akínlúyì ló gbé mi dé ilé.
Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ó san gbèsè rẹ̀.

Ó yẹ kó dùn mí.
Ó dùn mọ́ mi.
Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ebi kò kú o. Ilé ló kó kúrò.
Iyán tó ga bí òkè Ìdànrè kò wù mí mọ́,
òkèlè mẹ́ta, ọ̀nà ti dí.
Ṣùgbọ́n ọtí kì í kan ilẹ̀kùn,
ó ń yọ́ wọlé bí omi tó gba abẹ́ ẹní.
Mo ra ògógóró tí wọ́n gbé wá láti Igbókòdá,
mo rọ ọ́ sínú ìgò oògùn ikọ́,
mo fi í sẹ́yìn ìwé ìṣirò kòkó àtijọ́.
Ife kékeré yẹn náà ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.
Ìwọ̀n kan, kí n dúró. Ìwọ̀n kan.
Ìwọ̀n kan.
Ta ni yóò bi ẹni tó ń lo oògùn?

Ìbíronkẹ́ kò bi mí.
Ó kàn bá mi nílẹ̀ balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì,
ó gbé mi dìde
bí ẹni gbé àpò tí wọ́n ti da kòkó inú rẹ̀.
"Nígbà tí o sanra," ó ní, "n kò lè gbé ọ,
ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo ti lè bá ọ."
Ó gbọ́ òórùn ife náà. Ó ṣàn án.
Ó bu omi sí i, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Òní pé ọjọ́ mọ́kànlá.
Ì bá ti lé ní ogójì, bí kì í bá ṣe ti ìsìnkú bàbá Akínlúyì.
Ní ìrọ̀lẹ́ mo ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú omi mi,
mo gbé ife náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, mo ń ka ìlà ara rẹ̀,
mo sì ń ṣọ́ àtàǹpàkò mi.