Ìkòkò Tí Kò Lámì

Lálẹ́ àná, lẹ́yìn ìrun alẹ́, ó ṣiṣẹ́.
Mo fi ojú mi méjèèjì rí i:
igba ìkòkò ó dín mẹ́ta tó ti iná jáde,
mẹ́rìnlá là, mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ sí Ọ̀fà,
owó ìyá mi àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Òkèlélé
tò lẹ́sẹẹsẹ bí sàfù Yídì.
Mo pa ẹ̀rọ dé, mo sùn bí ẹni tó san gbèsè.

Lẹ́yìn àsùbáà, mo ní kó tún un ṣe lójú ìyá mi.
Ògbufọ̀ inú ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀:
"Ìlà kẹtàlélọ́gọ́ta. N ò mọ orúkọ yìí rí."

Orúkọ wo? Orúkọ tí o ti ń pè láti oṣù méjì!
N ò fọwọ́ kan nǹkan kan.
Gbogbo wa la máa ń wí bẹ́ẹ̀.
Ẹni tó fọ́ àwo pàápàá, ohun tó ń wí nìyẹn.

Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn.
Mo ka àkámọ́ bí a ti ń ka ewúrẹ́ wọlé nírọ̀lẹ́;
gbogbo wọn pé, kò sí èyí tó sùn síta.
Mo yọ iṣẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kúrò, mo dá a padà.
Mo bú ẹni tó ṣe ẹ̀rọ. Mo bú iná ọba.
Bátìrì sólà ń ké tín-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Ìyá mi yọjú, amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́:
"Bí ìkòkò bá là, a kì í bi iná.
Ta ló gbé e lálẹ́?"

Bàbá mi wúkọ́ lórí ẹní.
Bàbá mi, Tíṣà Sàláwù, ọdún mẹ́rìndínlógójì
nídìí ṣọ́ọ̀kì ní Ìjàgbò àti Ìlọ́fà,
ẹni tí í fi bírò pupa ṣàtúnṣe lẹ́tà ìkíni
kó tó dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.
"Mo kàn ní kí n wo iṣẹ́ tó ń gba oorun lójú rẹ ni.
Mo rí i tí o kọ 'ikoko' sílẹ̀ ní ìhòòhò.
Kí ni kí aráyé pè é? Ìkókó tí ń mu ọmú?
Àbí ìkookò inú igbó?
Mo fàmì sí i. Ẹyọ kan péré. Lẹ́yìn náà loorun gbé mi."

Ẹyọ kan péré! Àmì mẹ́ta, bí eruku ẹsẹ̀ eṣinṣin,
bí ẹni fi èékánná tẹ amọ̀ tútù.
Ojú mi ti kọjá lórí wọn nígbà ogún
torí ahọ́n mi ti ń fi wọ́n pè é tẹ́lẹ̀.
Ẹ̀rọ ò létí. Ohun tí a kọ ló ń rí.

Mo gbé ìka lé bọ́tìnnì tí ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́.
Bàbá mi ò wí nǹkan kan. Ó ń wò mí
bó ti máa ń wo ọmọ tó fẹ́ pa ìdáhùn tó tọ́ rẹ́.

Ibi mọ́kànlélógójì ni "ikoko" wà.
Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mo ń fàmì sí i.
Nígbà tí mo dé ìlà kẹtàlélọ́gọ́ta, mo kí i, mo kọjá.

Ó ṣiṣẹ́.
Ìyá mi ti padà sídìí amọ̀ rẹ̀ nígbà náà.
Bàbá mi sún mọ́ ẹ̀rọ, ó wọ ìgò ojú rẹ̀.
Ó ní: "'Owo' ńkọ́?"