Ojú Àlejò

Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo ni.
Ọjọ́ tí a ń sun ìkòkò l'Ókèlélé,
koríko gbẹ, atẹ́gùn yí padà,
ó bà mí lójú ọ̀tún.
Wọ́n fún omi ọmú abiyamọ sí i,
wọ́n fún oje ewé sí i,
títí dúdú ojú mi fi di ẹ̀kọ tútù.

Ọdún méje.
Òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì.

Dókítà Àmúdátù ní, "Ìyá Wàkílù,
gíláàsì ojú yín ló ṣú.
Yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò bàjẹ́,
fìtílà ṣì ń jó níbẹ̀."
Ó ní a ó dúró de ẹni tí yóò kú,
tó ti yọ̀ǹda tirẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.
Mo dúró. Ẹ wo irú ìdúró yẹn:
èmi tí mò ń kírun, mò ń retí òkú ẹlòmíì.
Mo bi Àfáà Ṣéú. Ó dákẹ́ títí tíì rẹ̀ fi tutù,
ó ní, "Lọ. Bí o bá ríran tán,
máa bá a tọrọ àforíjìn."

Ìpè dé lóru Àlàmísì.
Òwú tí wọ́n fi rán an,
ti aláǹtakùn nípọn jù ú lọ.

Dókítà ní àwọn kan ń wá ọ̀nà
láti hu awọ ojú nínú abọ́ pẹlẹbẹ,
láti ara irúgbìn tó wà létí dúdú ojú,
kí ẹnikẹ́ni má baà dúró de òkú mọ́.
Mo ní, ṣé ó ń hù? Ó ní, díẹ̀díẹ̀.
Mo ní kí wọ́n má bomi rin ín jù.
Ó rẹ́rìn-ín.

Wọn ò sọ orúkọ ẹni náà fún mi.
Lóru, bí mo bá pa á dé, mo máa ń bi í:
oṣù ààwẹ̀ mélòó lo ti rí kí o tó bá mi?
Ta lo sunkún fún? Ta lo ṣẹ́jú sí?
Kò fèsì. Ó kàn ń yún mi.

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran.
Irọ́.
Ọjọ́ tí mo padà sídìí amọ̀,
àlejò mi wo àwọn ìkòkò tó kù lẹ́bàá ògiri,
tí omi èèpo irú mú dúdú, tó ń dán,
ó rí i pé ẹnu wọn wọ́ sápá ọ̀tún.
Gbogbo wọn.
Ọdún méje ni Sìdíkátù fi ń rà á,
tí àwọn ará Àjàṣẹ́ ń rà á,
wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń gbé e rù,
kò sẹ́ni tó sọ.