Dírẹ́bà Tí Kì Í Wa Mọ́tò

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ojú rẹ̀ fẹ̀ bí àwo oúnjẹ àlejò.
Mo rà á lọ́wọ́ Mùtáírù, ẹ̀yìn ọgbà pákó.
Ó ní ìka mẹ́wàá ló mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
Mo pa ohun tó bá a wá rẹ́,
mo gbé Línúùsì sí i,
torí n kò lówó tí n ó máa san lọ́dọọdún
lórí ohun tí mo ti rà.
Ìgbà tó jí, ojú rẹ̀ kú.
Mo fìka kan kàn án. Kò mira.
Mo fìka méjì kàn án. Òkúta.

"Dírẹ́bà ni kò ní," ni mo wí fún bàámi.
Bàámi gbójú kúrò lára rédíò:
"Dírẹ́bà wo? Èyí tó ń ná Ìjẹ̀bú-Òde ni,
àbí èyí tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó?"
Mo ní kì í wa mọ́tò.
Ó kàn jókòó sáàárín ọwọ́ àti ọpọlọ ni,
ohun tí ọwọ́ bá sọ, òun ló ń túmọ̀ rẹ̀.
"Ògbufọ̀ nìyẹn. Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń pè é ní dírẹ́bà?"

Òru mẹ́ta, ní Òkè-Àgbò.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké títí di aago mọ́kànlá,
lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ gbà á.
Mo bi ẹ̀rọ: àwọn ta ló wà lára rẹ?
Ó dárúkọ kámẹ́rà, ó dárúkọ agbóhùn,
ó dé orí ojú ara rẹ̀,
ó ka lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ,
ó ní òun ò mọ onítọ̀hún rí.

Àárín Línúùsì, ekùrọ́ làwọn tó ṣe é sọ ọ́.
Wọn ò tì í mọ́ àpótí. Ẹni tó bá ní òkúta, kó wá pa á.
Mo pa á.
Ẹnì kan ti kọ̀wé síbẹ̀ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn:
"N kò ní irú ojú yìí lọ́wọ́.
Ẹni tó bá ní in, kó dán an wò."
Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì,
bí ẹni rí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i kó tó mọ̀wé.
Mo fi ìlà kan ṣoṣo kún un, nọ́ńbà mẹ́jọ yẹn,
sí abẹ́ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Mo ní kó máa sè.
Ó sè fún ogójì ìṣẹ́jú, iná lọ.
Mo tún un gbé kaná.

Ó jí. Mo tẹ ọ̀tún, òsì ló dáhùn,
bí ọmọ tó kọ́ ijó nínú dígí.
Àmì àyọkúrò kan, ẹyọ kan péré, ló sọnù.
Mo fi í sí i. Ilẹ̀ mọ́.

"Bàámi, ẹ wá fọwọ́ kàn án. Ìka méjì ló fẹ́."
Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.
Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín ló kù níbẹ̀.
Ayùn ti mú mẹ́ta àárín lọ,
lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iléèwé.
"Méjì? Iye tí mo ní gan-an nìyẹn."

Mo ṣí fọ́tò ẹgbẹ́ onípákó fún un,
ọkùnrin mọ́kànlélógún níwájú ìtì igi,
orí wọn ò ju hóró àgbàdo lọ.
Ó fìka méjì kàn án, ó yà wọ́n.
Fọ́tò tú bí ẹní.
Ó kọjá lójú Òdùṣínà tó ti kú,
ó kọjá lójú ara rẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n dúdú,
ó ń fà, ó ń yà, ó ń wá nǹkan,
títí ọwọ́ kan tó gbé lé ìtì igi
fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà.
Ó kà á. Kò kà á síta.
Ètè rẹ̀ ni mo ń wò. Ó dé márùn-ún.

"Elòó ni dírẹ́bà yìí?"
Ọ̀fẹ́ ni.
"Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Lọ́wọ́ ta?"
N kò mọ̀ wọ́n.
"Ìlà tó o fi kún un ńkọ́?"
Ó wà lọ́dọ̀ mi.
"Adétòún, fi ránṣẹ́ sí wọn. Gbèsè ẹni tá ò mọlé rẹ̀,
òun ló ń pẹ́ lọ́rùn jù."

Ó fi etí bùbá nu ipa ìka rẹ̀ lójú ẹ̀rọ,
ó pa ìka méjèèjì dé,
àwọn ọkùnrin náà sì padà sídìí igi wọn.