Pankẹ́rẹ́ Tó Ti Gbẹ

Ní Méńdè, níbi tí Odò Ìyá Aláàárọ̀
ti ń gbé òórùn rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wa,
dírọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.
Omi ló kún inú wọn, kì í ṣe fún mímu.
Pankẹ́rẹ́ tó ti Òkìtìpupa wá la rẹ síbẹ̀,
torí líle ní í le bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé,
á ta bàì, á fẹ́ẹ́ fọ́ni lójú.
Bàbá Akínnifẹ́sì, ọ̀gá mi, ní:
"Má bá a jà. Fi sílẹ̀ kó mu omi.
Ohun tó bá ń wá nǹkan kì í ṣe agídí."

Lóòótọ́, bó bá di ọjọ́ kẹta,
o lè fi ká ọrùn ọwọ́ bí ẹ̀gbà.
O ní kó tẹ̀ sọ́tùn-ún, á tẹ̀.
O ní kó dọ̀bálẹ̀,
á ti na gbalaja kí o tó parí ọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Adégorítẹ̀ ṣe rọ̀ lọ́dún tó ń wá ìbò.
Ó jókòó lórí àpótí tí a fi ń gé pankẹ́rẹ́,
ó bá wa jẹ àgbàdo sísun, ó mu omi nínú ike wa,
ó béèrè bí orúnkún ìyàwó ọ̀gá ṣe ń ṣe
(èmi tí mò ń gbé ibẹ̀, n kò mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún).
Ó ní wọn ò ní í fi katakata wó ṣọ́ọ̀bù wa mọ́.
Ó ní ká hun àga kan fún òun,
àga ẹni tó ń lọ síwájú.
Ó san ìdajì owó.

A hun ún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko.
Àtàǹpàkò mi ya lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀jẹ̀ kán sí abẹ́ ìjókòó;
ọ̀gá ní kí n má nù ún, fáníìṣì á bò ó.
Ó bò ó.

Ó wọlé.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, a lọ gba ìyókù owó.
A bá àga wa lẹ́nu géètì:
mẹ́gádì ló gbé ìdí lé e,
ó ní, "Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀."
Mo gba ojú fèrèsé rí Ọnọ́rébù lórí àga aláwọ
tó ń yí bírí, tó ń yí bírí.
Ó rí wa. Ọrùn rẹ̀ ò tẹ̀.

Ọ̀gá mi kò bínú.
Ó ní kí mẹ́gádì dìde díẹ̀.
Ó kúnlẹ̀, ó fi èékánná wá ibi tó ti ń tú,
ó so ó pa dà, ó fọwọ́ gbọ̀n ọ́n wò.
"Iṣẹ́ mi ni," ó wí. "Àga kò ṣẹ̀ mí."
Ojú ọ̀nà ló ti wá sọ fún mi pé
pankẹ́rẹ́ tó ti gbẹ kò mọ omi mọ́;
bí o bá fipá tẹ̀ ẹ́, á kán sí ọ lọ́wọ́.

Wọ́n tún ti lẹ fọ́tò mọ́ gbogbo ògiri báyìí.
Láàárọ̀ àná, jíìpù kan dúró. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.
"Bàbá mi, orúnkún Màmá ńkọ́?"
Ọ̀gá ṣí ìdérí dírọ́ọ̀mù tó jìn jù.
"Wọ ibẹ̀ ná," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta.
Bí o bá jáde, a ó sọ̀rọ̀ owó."

Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ mi.
Òjò sì ń ṣú bọ̀ níhà Áńtónì;
mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga wọlé.
Ọ̀kan nínú wọn kò tíì lólówó.