Ojúlé Kẹtàdínlógún

Lọ́dún àkọ́kọ́, pẹ́ńsù ni mo mú lọ,
pátákó pẹlẹbẹ tí mo tẹ́ ìwé lé,
àti bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, ilẹ̀kùn aláwọ̀ aró,
Sàfúrátù Àsùnkẹ́, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún.
Ó pọn ọ̀kan, ọ̀kan di ìró rẹ̀ mú,
ó jókòó ti abọ́ kajú, ó ń fi òkúta fọ́ èèpo.

"Ní ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé ẹ ṣe iṣẹ́ kankan,
ì báà ṣe wákàtí kan péré?"
Kò gbójú sókè.
"Iṣẹ́ kẹ̀? Mo kàn wà nílé ni."
Òkúta dún kò, èèpo là.
Oje kajú ti jẹ ìka rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo máàkì àpótí náà: kò ṣiṣẹ́.
Bí wọ́n ṣe kọ́ wa n'Íbàdàn nìyẹn:
ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ kọ, ẹ má fi tiyín kún un.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Mo padà wá pẹ̀lú bírò.
Ọkọ ti lọ sí Jọ́ọ̀sì; oṣù mẹ́ta ló lóun ó lò.
"Ó ti tó oṣù mélòó báyìí?"
Ìbéèrè yẹn ò sí nínú ìwé.
Èmi ni mo bi í, mo sì tọrọ àforíjì.
"Ta ni olórí ilé?"
Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo àga tó ṣófo,
ó wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ.
"Bàbá wọn náà ni. Kọ bàbá wọn."
Mo kọ bàbá wọn.
Ta ló san owó ilé-ìwé? Èmi.
Ta ló tún òrùlé ṣe? Èmi.
Ta ló ń pinnu ohun tí ẹ ó jẹ?
Ó bú sẹ́rìn-ín: "Àpò gààrí ni."

Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wà lábẹ́ máńgòrò,
ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Ó ní kí n dúró
kí òun parí ọrùn bùbá kan.
Nígbà tí mo béèrè olórí ilé,
kò wo ibì kankan.
"Èmi ni. Kọ ọ́ kó hàn."

Ní ọ́fíìsì, wọ́n to ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìlà kan.
Ìlà náà ń gòkè bí àkàbà.
Ọ̀gá wa nawọ́ sí i: "Ẹ wò ó bó ṣe yí padà!"
Mo wò ó. N kò rí òkúta níbẹ̀,
n kò rí ìka dúdú.
Orí òdo ni ìlà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀,
èmi tí mo sì fọwọ́ mi kọ òdo yẹn
mọ̀ pé irọ́ ni.

Lọ́dún yìí, fóònù tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun ni wọ́n kó fún wa.
Ilẹ̀kùn ti di irin. Ọmọ tó pọ̀n nígbà náà ti wọ girama.
Sàfúrátù ti ń lo awò ojú. Ó wò mí títí.
"Ọdún mọ́kànlá lo ti ń bi mí léèrè.
Ìwọ ńkọ́? Ọmọ mélòó?"
"Méjì ni mo bí. Ẹyọ kan ló wà."
Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀.
"Ìgbà wo?"
"Ọdún tí mo mú bírò wá."

Kò kí mi kú ìrọ́jú.
Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi,
ó bu kajú sísun sínú bébà, ó gbé e lé mi nítan.
"Ọdún yẹn lo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi," ó ní,
"mo ṣe bí ọ̀rọ̀ tèmi ni."

Iná ojú fóònù ti kú. Ó ku ìbéèrè mẹ́rìnlélógójì.
Ó ní, "Ó yá, bi mí."
Ní ọjọ́ méje tó kọjá —