Àtè Inú Omi

Omi òkun ti fà sẹ́yìn ní Conwy láàárọ̀ Sátidé,
ó fi àpáta sílẹ̀ ní ìhòòhò.
Mo di ìṣáwùrú òkun kan mú, dúdú bí èédú,
mo fà á, mo yí i, mo fi ẹsẹ̀ ti àpáta,
kò mira.
Emrys, tó ti ń ha wọ́n láti kékeré, fi mí rẹ́rìn-ín:
"Ìjì ń fà wọ́n látọjọ́ tó ti pẹ́, ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá."

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: òwú tín-ín-rín, bí irùngbọ̀n arúgbó,
ìdí òwú kọ̀ọ̀kan lẹ̀ típẹ́típẹ́.
Bàbá mi sọ sí mi lọ́kàn.
Wọn a ṣá èèpo igi ọ̀dán, oje funfun a máa ṣàn,
wọn a sè é, wọn a fi ra ẹ̀ka igi de ẹ̀gà.
Bí òjò bá ti ṣú, wọn a ká àtè wọn nílẹ̀:
"Omi kì í jẹ́ kí àtè ó mú."
Bàbá, ẹ ò rí èyí.

Ní yàrá ìwádìí ní Bangor, èmi àti Gwenllian
ń sín mólékù bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀,
ọ̀kan tó rọ̀, ọ̀kan tó le,
ọ̀kan tá a kọ́ lọ́wọ́ ìṣáwùrú.
Ogójì ìgbà la sín in tó já.
Òmíràn lẹ̀ mọ́ gíláàsì, omi kàn án, ó bọ́.
Òmíràn le jù, ó sán bí ìkòkò.
Òmíràn ò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ tútù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a ra awọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ alápatà,
a là á, a rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀,
a fi oje wa pa ojú ọgbẹ́ náà dé,
a so ìrẹsì kílò méjì rọ̀ mọ́ ọn,
a pa iná.

Mo pe màámi. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ,
tí òwú já, tí egbò tún yanu.
Mo ní, "Àtè là ń ṣe fún inú èèyàn,
tí yóò mú nínú ẹ̀jẹ̀, tí yóò yọ́ lọ bí ara bá jinná."
Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹyẹ wo lẹ wá fẹ́ fi mú?"
Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn.

Láàárọ̀, ìrẹsì ṣì rọ̀.
Gwenllian kò pariwo. Ó fi ìka kan tì í, ó ń fì.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé.
Lọ́jọ́ kẹrin ó já bọ́, ìrẹsì fọ́n káàkiri,
èmi ni mo gbá a.

Ìka mi tí ìkarahun gé ṣì ń ta mí.
Mo lẹ pílásítà mọ́ ọn, mo lọ fọ abọ́ alẹ́.
Kí n tó fọ ife kejì,
pílásítà ti ń léfòó nínú omi ọṣẹ.