Ọgọ́rùn-ún Gíráàmù

Aago mẹ́fà àárọ̀, gbọ̀ngán ìjàkadì ní Sùúrùlérè
ń rùn bíi rọ́bà àti òógùn àná.
Sàbítíù bọ́ ṣòkòtò, ó bọ́ pátá,
ó gun òṣùwọ̀n, ó tú gbogbo èémí jáde
bí ẹni pé afẹ́fẹ́ náà wúwo.
Kílò mẹ́tàdínláàádọ́rin ni wọ́n ń fẹ́.
Ó fi ọgọ́rùn-ún gíráàmù lé.

Kí ló ń jẹ́ ọgọ́rùn-ún gíráàmù?
Ẹyin adìẹ méjì.
Kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá rẹ̀ ní Òkè Pópó, pẹ̀lú agadagodo.

"Ogún ìṣẹ́jú ló kù," ni Kóòṣì Tọ́nyé wí.
Kò gbójú sókè.

A ti jọ sáré yí pápá ká nínú ọ̀rá ìdọ̀tí dúdú
títí òógùn fi kún bàtà.
A ti jọ tutọ́ sínú ike
títí itọ́ fi di ohun tí à ń wá bí owó oṣù.
Èmi náà jẹ́ kílò mẹ́tàdínláàádọ́rin,
n kò lé, n kò dín. Èmi ni adípò.
Bí òṣùwọ̀n bá kọ̀ ọ́, orúkọ mi ni wọn yóò pè.

Mo mọ ohun tí mo ń gbàdúrà fún láàárọ̀ yẹn.
Ẹ má bi mí.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na abẹ sí mi:
"Fá a. Fá gbogbo rẹ̀."
Irun ń já bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi,
ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ̀ pé ó ń bọ́.
Mo lè fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn etí.
N kò fi sílẹ̀. Mo fá a
bí wọ́n ṣe ń fá orí ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ó padà gùn ún. Nọ́ńbà sáré, ó ṣiyèméjì, ó dúró.
"Ó wọlé."
Mo pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ mi pẹ́ díẹ̀.

Bàbá rẹ̀ dé lọ́sàn-án pẹ̀lú ọ̀pá abíyá.
Wọ́ọ̀fù Àpápá ló gba ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀;
ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló fi ń kọ́ àwọn géńdé lẹ́sẹ̀
nínú yanrìn, nígbà èwe rẹ̀.
Mo ṣàlàyé: Bàbá, nínú irú ìjà yìí, a kì í fọwọ́ kan ẹsẹ̀,
a kì í fẹsẹ̀ kọ́ni. Láti ìbàdí sókè ni.
Ó rò ó. Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ pọ́n fún obì.
"Irú rẹ̀ wà, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi?"

Ará Tọ́kì kan ni wọ́n mú bá a, etí rẹ̀ wú bí àkàrà.
Ní abala kejì, rẹfirí nàka sílẹ̀:
kí Sàbítíù dọ̀bálẹ̀.
Ẹ wo ìdọ̀bálẹ̀ tí kì í ṣe ìkíni,
ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó fàyà lélẹ̀
fún ẹni tí kò dàgbà jù ú lọ.
Ará Tọ́kì di ìbàdí rẹ̀ mú bí ẹni fẹ́ fa iṣu tu.
Ó gbé e. Ó tún gbé e.
Ọmọ tó fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ ara rẹ̀ pé kó fúyẹ́
ń bẹ ara kan náà báyìí: wúwo, jọ̀ọ́, wúwo,
di àpò sìmẹ́ǹtì tí òjò pa,
di ọkọ̀ tó rì sínú ọ̀sà,
di ohunkóhun tí a kì í gbé.
Bàbá rẹ̀ dìde lórí ẹsẹ̀ kan, kò mú ọ̀pá.
Ẹnìkan ń pariwo, "Lẹ̀ mọ́lẹ̀! Lẹ̀ mọ́lẹ̀!"
Ohùn mi ni.

Wọn kò rí i gbé. Ṣùgbọ́n àmì kan ṣoṣo
tí wọ́n fún ará Tọ́kì nítorí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn
ló kù lójú pátákó nígbà tí aago dún.

Lálẹ́, a jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.
Ó mu omi ọlọ́ràá mẹ́sàn-án.
Mo ní, "Sàbítíù, láàárọ̀ yìí, mo..."
Ó mú ìka mi, ó fi í sẹ́yìn etí òsì rẹ̀.
Irun díẹ̀ wà níbẹ̀,
kò tó ohun tí òṣùwọ̀n lè rí.